Fọ́ńtì Ọ̀fẹ́ fún Ìkànnì Tó Ń Kọ Yorùbá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń ṣe ìkànnì fún ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, oníṣòwò kòkó àti ẹgbẹ́ ìlú ní Àkúrẹ́ àti káàkiri Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún. Ẹni tó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè mú fọ́ńtì tó bá wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ ìlú rẹ̀ bó ṣe yẹ ní láti yẹ fọ́ńtì wò kó tó mú un.

Fọ́ńtì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Kí ló dé tí kò hàn lórí fóònù àwọn ẹlòmíràn?

Torí pé fáìlì ni fọ́ńtì, orí kọ̀ǹpútà yín nìkan ni fáìlì náà sì wà. Tí ẹ bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú CSS (kóòdù tó ń sọ bí ìkànnì ṣe máa rí) láì gbé fáìlì sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì yín dání), fóònù oníbàárà á wá a tì, á sì fi èyí tó ní rọ́pò. Ìdí nìyẹn tí ìkànnì fi máa ń dùn ún wò lójú ẹni tó ṣe é, tó sì máa ń di nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ṣí i ní Ọjà Ọba.

Níbo la ti lè rí fọ́ńtì ọ̀fẹ́ tí kò ní kó wa sí wàhálà?

Ibi mẹ́ta ti tó fún iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Google Fonts, tó ti wà láti ọdún 2010, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ẹ lè lo ohun tó wà níbẹ̀ fún òwò. Ó ní àpótí tí ẹ lè tẹ ọ̀rọ̀ tiyín sí kí ẹ rí bí fọ́ńtì kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ ọ́, ẹ má sì fojú kéré àpótí yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkànnì SIL, àjọ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ èdè. Àwọn ló ṣe Andika, Charis àti Gentium, tí wọ́n dìídì ṣe kí lẹ́tà lè gba àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta ni Font Squirrel, tó ń ṣa àwọn fọ́ńtì tí a lè lò fún òwò jọ.

DaFont ńkọ́? Fọ́ńtì tó fani mọ́ra pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ "Free for personal use" sí, ìlò ara ẹni ni wọ́n fọwọ́ sí, ìkànnì tó ń polówó ọjà kò sì sí lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ "Demo" sí sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ti yọ àwọn lẹ́tà kan kúrò nínú rẹ̀, A àti B kọ́ sì ni wọ́n máa ń yọ.

Ṣé ọ̀fẹ́ yẹn kò ní àbùlà?

Ó ní àdéhùn, àmọ́ kò le. Èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́ńtì ọ̀fẹ́ tó ṣeé fọkàn tán wà lábẹ́ SIL Open Font License, tí wọ́n ń pè ní OFL, tí ẹ̀dà 1.1 rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Ó gbà kí ẹ lò ó fún òwò, kí ẹ gbé e sórí sáfà, kí ẹ tún un ṣe, kódà kí ẹ fi í sínú áàpù tí ẹ ń tà. Kò gbà kí ẹ ta fọ́ńtì náà fúnra rẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ sì jẹ́ kí fáìlì OFL.txt máa bá a rìn.

Gbólóhùn kan wà nínú OFL.txt tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dé: "Reserved Font Name". Tí ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ̀dà tí ẹ bá tún ṣe kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ tí wọ́n dárúkọ. Yíyọ lẹ́tà kúrò kí fáìlì lè fúyẹ́ jẹ́ àtúnṣe. Fífún un pọ̀ sí WOFF2 (irú fáìlì fọ́ńtì tó fúyẹ́ fún ìkànnì) láì yọ nǹkan kan kì í ṣe àtúnṣe.

Arial, Calibri àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó bá Windows wá ńkọ́? Ẹ lè kọ orúkọ wọn sínú CSS. Ẹ má ṣe gbé fáìlì wọn sórí sáfà, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí ìyẹn.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá fọ́ńtì kan lè kọ Yorùbá?

Ẹ fi í kọ Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti tó láti tú àṣírí ọ̀pọ̀ fọ́ńtì.

À àti ú kò le. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, àwọn èdè Yúróòpù náà sì ń lò wọ́n, nítorí náà bóyá ni fọ́ńtì kan wà tí kò ní wọn. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni ẹjọ́ wà. "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. "ọ" jẹ́ U+1ECD, "ṣ" sì jẹ́ U+1E63. Ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró. Nọ́ńbà méjì ló gun ara wọn: ẹ wà nísàlẹ̀, àmì ohùn òkè, U+0301, á wá gùn ún. Fọ́ńtì gbọ́dọ̀ ní ìlànà nínú tó ń sọ ibi tí àmì yẹn máa jókòó sí. Tí ìlànà yẹn kò bá sí, àmì á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á lọ lé orí lẹ́tà kejì, tàbí kí ó wọ inú lẹ́tà ńlá lọ.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé fọ́ńtì tó bá ti gba èdè Vietnam ti gba Yorùbá nìyẹn. Ìdajì òótọ́ ni. Èdè Vietnam ní ẹ àti ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, àmì ìsàlẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni àmì ohùn. Sílébù kan kì í sì í ní ohùn méjì, nítorí náà wọn kì í fi àmì ohùn mìíràn lé ẹ lórí. Ẹni tó ya fọ́ńtì fún wọn lè má rò ó rárá pé ẹnì kan ń bẹ ní Òkè Àró tó nílò ẹ́. Ṣ pàápàá, wọn kò ní in.

Ẹ da ìlà yìí kọ sínú àpótí ìdánwò:

Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè. Ẹ̀ṣẹ̀, ọ́fíìsì, ǹjẹ́, ńlá, òròm̀bó. ẸGBẸ́ ỌLỌ́JÀ. ₦2,500

Ẹ wò ó ní píksẹ́lì 16, kí ẹ tún wò ó ní 40. Ní 16, ẹ wò ó bóyá àmì ìsàlẹ̀ ṣì hàn tàbí ó ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ní 40, ẹ wo Ẹ̀ àti Ọ̀ bóyá àmì ohùn kan orí lẹ́tà. Ẹ wo m̀ dáadáa, torí òun náà kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tí lẹ́tà kan bá sanra tàbí tín-ínrín ju àwọn tó yí i ká lọ, kì í ṣe fọ́ńtì yẹn ló kọ ọ́. Bíráwúsà (Chrome tàbí irú rẹ̀) ló yá a láti ibòmíràn. Ẹ tún ìdánwò náà ṣe fún bold (lẹ́tà tó sanra), torí pé fáìlì ọ̀tọ̀ ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí oníbàárà tó rí ìkànnì ló yẹ kí gbogbo èyí ti parí.

Èwo gan-an lẹ wá fọwọ́ sí?

Noto Sans ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Orúkọ rẹ̀ jáde láti inú "no tofu", torí pé tofu ni wọ́n ń pe àpótí kékeré tó máa ń hàn nígbà tí fọ́ńtì kò bá ní lẹ́tà kan. Kò ní ẹwà àrà ọ̀tọ̀, àmọ́ kò ní já yín kulẹ̀. Noto Serif wà fún àwọn tó fẹ́ kí ó jọ ti ìwé títẹ̀.

Fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Andika ni. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ni wọ́n ṣe é fún, a àti g inú rẹ̀ sì rí bí èyí tí olùkọ́ ń kọ sí pátákó. Fún ìtàn gígùn tàbí ìwé ìròyìn, Charis tàbí Gentium.

Fọ́ńtì tó dà bí ìfọwọ́kọ, ẹ fi í mọ sórí àkọlé, kó sì ti yege ìdánwò òkè yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í yege.

Ṣé kí a lo ìlà kóòdù tí Google ń fúnni ni, àbí kí a gbé fáìlì sórí sáfà tiwa?

Fún Yorùbá, ẹ gbé e sórí sáfà tiyín.

Google máa ń gé fọ́ńtì sí wẹ́wẹ́ kí ó lè fúyẹ́: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nínú fáìlì kan, àfikún Látìnì nínú òmíràn, ti Vietnam nínú ẹ̀kẹta. Fún èdè tó bá wọ inú fáìlì kan, ètò yẹn dára púpọ̀. Ẹ wá wo "ọṣẹ dúdú". Inú fáìlì Vietnam ni ọ àti ẹ wà, ṣ wà nínú àfikún Látìnì, d àti ú wà nínú ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré, fáìlì mẹ́ta. Tí ẹ bá fi bold kún un, ó lè di mẹ́fà. Ti m̀ tún burú jù, torí pé m wà nínú fáìlì kan, àmì ohùn ìsàlẹ̀ sì wà nínú òmíràn, àmì náà lè má rí ibi tó yẹ kó jókòó sí.

Ẹnìkan lè sọ pé fọ́ńtì Google ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn láti ara ìkànnì mìíràn. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Láti Chrome 86, ní ọdún 2020, ìkànnì kọ̀ọ̀kan ló ń ní àpótí ìpamọ́ tirẹ̀, nítorí náà wọ́n á tún fọ́ńtì kan náà gbà. Ọ̀rọ̀ òfin náà tún wà níbẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kan ní Munich ní Jámánì dá ẹni tó ni ìkànnì kan lẹ́bi pé ó jẹ́ kí àdírẹ́sì IP àlejò dé ọ̀dọ̀ Google nípasẹ̀ fọ́ńtì, wọ́n sì ní kó san €100. Tí ẹgbẹ́ ìlú yín bá ní ọmọ ẹgbẹ́ ní òkè-òkun, ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ sọ ọ́ fún wa ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Ẹ lọ sí Google Fonts, ẹ gba Noto Sans sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ tú fáìlì zip náà, ẹ wọ fódà "static", ẹ mú NotoSans-Regular.ttf àti NotoSans-Bold.ttf. Bó ṣe wà yẹn, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà tí Yorùbá kò nílò dání, ó sì wúwo jù fún ẹni tó ń fi owó ra dátà. A máa gé e kù sí ohun tí a nílò.

Python ni ẹ máa lò. Tí ó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ èyí sínú Terminal (Command Prompt lórí Windows):

pip install fonttools brotli

Lẹ́yìn náà, nínú fódà tí fọ́ńtì wà, ẹ tẹ èyí lórí ìlà kan ṣoṣo:

pyftsubset NotoSans-Regular.ttf --unicodes="U+0020-007E,U+00A0-00FF,U+0143-0144,U+01F8-01F9,U+0300,U+0301,U+0304,U+0323,U+0329,U+1E3E-1E3F,U+1E62-1E63,U+1EB8-1EB9,U+1ECC-1ECD,U+2013-2014,U+2018-2019,U+201C-201D,U+2026,U+20A6" --layout-features="*" --flavor=woff2 --output-file=noto-yo.woff2

Àwọn nọ́ńbà yẹn kó Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà Yorùbá, àmì ohùn, àmì ọ̀rọ̀ àti náírà. "--layout-features" ló ń pa gbogbo ìlànà ìjókòó àmì mọ́, ẹ má yọ ọ́. Lórí Windows, àmì ọ̀rọ̀ oníméjì (") ni kí ẹ lò bó ṣe wà yẹn. Ẹlẹ́yọ kan (') máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Fáìlì tó máa jáde sábà máa ń wà lábẹ́ kílóbáìtì 50. Ẹ tún un ṣe fún Bold, kí ẹ pe èyí tó jáde ní noto-yo-bold.woff2.

Ẹ gbé méjèèjì sínú fódà "fonts" lórí sáfà, kí ẹ fi èyí sí òkè CSS:

@font-face {
  font-family: "Noto Yo";
  src: url("/fonts/noto-yo.woff2") format("woff2");
  font-weight: 400;
  font-style: normal;
  font-display: swap;
}
@font-face {
  font-family: "Noto Yo";
  src: url("/fonts/noto-yo-bold.woff2") format("woff2");
  font-weight: 700;
  font-style: normal;
  font-display: swap;
}
body { font-family: "Noto Yo", sans-serif; line-height: 1.6; }

"swap" ń sọ fún bíráwúsà pé kó fi fọ́ńtì fóònù kọ ọ̀rọ̀ jáde ná, kó pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí tiyín bá dé. Láìsí i, ọ̀pọ̀ bíráwúsà á fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3, ìyẹn sì pẹ́ lójú ẹni tí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ ń fà.

WOFF2 nìkan ti tó. Gbogbo bíráwúsà òde òní ló gbà á. Ẹ fi TTF sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín.

Mo lo ẹ̀rọ Font Squirrel láti yí fọ́ńtì padà, ẹ àti ọ sì pòórá.

Èyí tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ níbẹ̀, "Optimal", máa ń gé fọ́ńtì kù sí lẹ́tà àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ẹ yan "Expert", kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Subsetting sí, kí ẹ yan "No Subsetting".

Ọ̀rọ̀ ń hàn ní ìdàkudà. Ṣé ẹ̀bi fọ́ńtì ni?

Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Ẹ wo irú ìdàkudà tó jẹ́.

Tí ẹ bá rí àpótí kékeré, fọ́ńtì kò ní lẹ́tà yẹn, bíráwúsà kò sì rí i níbòmíràn.

Tí "ẹ" bá di "áº¹", fọ́ńtì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Báìtì mẹ́ta ni UTF-8, ìlànà tí a fi ń pa lẹ́tà Unicode mọ́ sínú fáìlì, fi ń kọ ẹ. Bíráwúsà ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bíi lẹ́tà ọ̀tọ̀, torí pé kò mọ̀ pé UTF-8 ni. Ẹ fi <meta charset="utf-8"> sí ìbẹ̀rẹ̀ inú <head>, kí ẹ sì rí i pé UTF-8 ni olóòtú kóòdù yín fi pa fáìlì mọ́.

Tí ó bá di "?", ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí dátábéèsì ti sọ lẹ́tà náà nù nígbà tí ẹ fi í pamọ́, kò sì sí fọ́ńtì tó lè dá a padà. Ẹ yí tébù MySQL sí utf8mb4, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀.

Tí lẹ́tà bá hàn, àmọ́ tó jọ àlejò láàárín àwọn yòókù, fáìlì tí ẹ gé ló ṣeé ṣe kó má ní in. Nínú Chrome, ẹ tẹ F12, ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, ẹ lọ sí "Computed", ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n kọ "Rendered Fonts". Tí orúkọ méjì bá wà níbẹ̀, ẹ ti mú olè.

Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, kò ṣiṣẹ́ lórí sáfà.

Ẹ wo lẹ́tà ńlá àti kékeré nínú orúkọ fáìlì. Lórí Windows, Noto-Yo.woff2 àti noto-yo.woff2 jẹ́ ọ̀kan náà. Lórí sáfà Linux, fáìlì méjì ni wọ́n. Ẹ fi lẹ́tà kékeré kọ gbogbo orúkọ fáìlì, kí ọ̀rọ̀ tán.

Tí ìyẹn kọ́, ọ̀nà fáìlì ni. "fonts/noto-yo.woff2" tí kò ní àmì "/" níwájú, ibi tí fáìlì CSS wà ni bíráwúsà ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, kì í ṣe ibi tí ojú-ìwé wà.

Ẹ̀kẹta máa ń dààmú ènìyàn gan-an: fọ́ńtì ń hàn nígbà tí "www" bá wà nínú àdírẹ́sì, kì í sì í hàn nígbà tí kò bá sí. Bíráwúsà kì í gba fọ́ńtì láti àdírẹ́sì mìíràn àyàfi tí sáfà bá fọwọ́ sí i nípasẹ̀ Access-Control-Allow-Origin, àdírẹ́sì méjì sì ni àwọn yẹn lójú rẹ̀. Ẹ darí ọ̀kan sí èkejì.

Àmì ohùn orí àkọlé ń gé kúrò, ìlà abẹ́ líǹkì sì ń gé àmì ìsàlẹ̀.

Àwọn tó ṣe tẹ́ḿpílétì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa kọ. Wọ́n sábà máa ń fi line-height 1 tàbí 1.1 sí àkọlé, Ẹ̀ kò sì lè rí àyè níbẹ̀. Ẹ gbé e sí 1.3 fún àkọlé, 1.6 fún ọ̀rọ̀ inú. Tí ó bá ṣì ń gé, ẹ wá "overflow: hidden" lórí àpótí àkọlé, kí ẹ yọ ọ́. Fún líǹkì, ẹ fi "text-underline-offset: 0.3em" sí i kí ìlà náà lè sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára ọ àti ẹ.

Mo wá "Àkúrẹ́" lórí ìkànnì mi, kò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Ọ̀nà bíi mẹ́ta la lè gbà tẹ ẹ́, tí ojú kò sì ní mọ ìyàtọ̀: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn, tàbí é kí àmì ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tàbí ẹ kí àmì ohùn tó tẹ̀ lé e. Ojú kan náà ni, nọ́ńbà yàtọ̀. Ẹ fi .normalize("NFC") ti JavaScript sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan kí ẹ tó fi pamọ́, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí àlejò bá tẹ̀ sínú àpótí ìwádìí. Ohun kan tí NFC kò lè tún ṣe ni e̩ tí wọ́n fi ìlà òòró kékeré, U+0329, sí abẹ́ rẹ̀ dípò àmì tó rí róbótó. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ pààrọ̀ èkejì.

Fọ́ńtì mélòó ló yẹ kó wà lórí ìkànnì kan?

Fáìlì méjì, Regular àti Bold. Tí ẹ kò bá fi Bold sí i, bíráwúsà á fúnra rẹ̀ mú lẹ́tà sanra, àmì ìsàlẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ẹ. Tí ẹ bá nílò ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lo variable font, fáìlì kan tó kó gbogbo ìwọ̀n sínú. Nínú @font-face rẹ̀, ẹ kọ "font-weight: 100 900".

WordPress ni mo ń lò. Ṣé mo ní láti kọ kóòdù?

Tí tẹ́ḿpílétì yín bá jẹ́ oníbúlọ́ọ̀kù (block theme), rárá. Láti ẹ̀dà 6.5, oṣù kẹrin ọdún 2024, Font Library ti wà nínú rẹ̀: Appearance, Editor, Styles, Typography. Ẹ gbé noto-yo.woff2 síbẹ̀ fúnra yín. Tẹ́ḿpílétì àtijọ́ lè ṣì nílò CSS òkè yẹn.

A ní ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ńtì Yorùbá kan tẹ̀ kí Unicode tó délé. Tí a bá dà á sórí ìkànnì, ó ń di jágajàga.

Irú fọ́ńtì bẹ́ẹ̀ máa ń ya ẹ sí ipò lẹ́tà tàbí àmì mìíràn. Ohun tó wà nínú fáìlì kì í ṣe ẹ. Àwòrán lásán ló jọ ọ́. Ẹ má gbé fọ́ńtì yẹn sórí ìkànnì, torí pé Google kò ní lè ka ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè fún afọ́jú náà kò sì ní lè kà á. Ẹ ṣí ìwé náà pẹ̀lú fọ́ńtì rẹ̀, ẹ kọ àtẹ sílẹ̀ pé àmì báyìí ni ẹ, báyìí ni ọ̀, kí ẹ lo "Find and Replace" fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó jẹ́ àmì méjì-mẹ́ta tó so pọ̀, kí ẹ tó kan àwọn ẹlẹ́yọ kan. Bí ẹ bá ṣe é ní òdìkejì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ba èyí tí ẹ ti tún ṣe jẹ́.